Káńfọ̀ Tí Mo Gbé Lọ Sílùú Òyìnbó

Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìlá ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí. Ẹ bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bi mí lójà. Níbi òkú tí a lọ sin ní Ọ̀tan Ayégbajú pàápàá, ẹnìkan fà mí láṣọ, ó ní ṣé òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó kì í wẹ̀. Ó ti sú mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ rèé, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè, kó lọ kà á, kí ẹnu mi sinmi.

Ẹ má retí kí n sọ iye wákàtí tí mo lò lófuurufú. Mo jókòó, mo sùn, mo jí, mo dé. Ohun tó gbé mi lọ ni kí ẹ mọ̀. Fúnmiláyọ̀, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, ló lóyún ní Sìkọ́tíláńdì, níbi tí òun àti Gbóyèga ọkọ rẹ̀ ń gbé. Oyún àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí gbogbo wa ti ń gbààwẹ̀. Wọ́n ní kí n wá tọ́jú ọmọ. Bí wọ́n bá ní kí n fẹsẹ̀ rìn ín, ǹ bá rìn ín.

Àpótí páànù

Nínú gbogbo ẹrù tí mo dì, aṣọ ọmọ ló jẹ mí lógún jù. Ní agboolé tiwa, a kì í fi aṣọ tuntun kí ọmọ tuntun káàbọ̀. Aṣọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ fún un, kí ara ọmọ lè mọ ilé tó wá. Àpótí páànù tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀ ni aṣọ Fúnmi wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi: òfì tí a fi gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí, fìlà òwú mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi hun, àti ṣẹ́ẹ̀tì kékeré bíi mẹ́fà.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí aṣọ náà ti wà níbẹ̀, kòkòrò kan kò sì fẹnu kàn án. Káńfọ̀ ló ṣe é, àwọn hóró funfun róbótó tí gbogbo wa ń rà lójà. Lọ́dọọdún ni mo ń tú àpótí náà, mo ń sá aṣọ, mo ń kó káńfọ̀ tuntun sí i. Nígbà tí ìrìn àjò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo tún ra páálí kan, mo fọ́n ọn sí gbogbo ìṣẹ́po aṣọ. Mo ní aṣọ ọmọ mi kò gbọdọ̀ rùn ìrùnkúrùn lójú òyìnbó.

Fitóríà

Òtútù ọyẹ́ tiwa a máa mú èèyàn láàárọ̀, á sì fi í sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ti ibẹ̀ yẹn mú mi lẹ́nu ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfuurufú, kò sì fi mí sílẹ̀ fún odindi oṣù mẹ́ta. Oòrùn ńkọ́? Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yọjú bí ẹni tó jẹ gbèsè, ó sì sá padà.

Ìkíni wọn tún yàtọ̀ sí tiwa. Bàbá àgbà kan ń gbé ilé tó kángun sí ti Fúnmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí àgbà. Bàbá náà rò pé nǹkan ló jábọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀, à ń wá ohun tí kò sọnù, títí Gbóyèga fi jáde tó sì sọ ọ́ di ẹ̀rín.

Orúkọ tún ni ìyọnu mìíràn. Ní Ìlá níbí, Ìyá Fúnmi ni mí, tàbí Màmá Tíṣà. Ẹni tó máa ń pè mí ní Fitóríà ti kú tipẹ́. Ìyá mi ni. Níbẹ̀, gbogbo ayé ló ń pè mí ní Fitóríà. Ọmọ tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù, Fitóríà. Akọ̀wé ọsibítù, Fitóríà. Mo sọ fún Fúnmi pé kó bá mi kìlọ̀ fún wọn. Ó ní, "Màmá, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín nìyẹn o." Mo ní ọ̀wọ̀ wo? Ọmọ tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì?

Oúnjẹ wọn kò yẹ ní ohun tí à ń sọ. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni. Wọ́n á sè é, wọ́n á dín in, wọ́n á tún gún un bíi pé wọ́n fẹ́ gún iyán tí ó sì wá sú wọn lójú ọ̀nà. Ata kò sí níbẹ̀. Gbóyèga bá mi ra iṣu níbi tí àwọn ará Gánà ti ń tajà, iṣu tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì le bí igi ìdáná. Mo gún un lọ́sàn-án gangan, nínú odó kékeré kan tí Fúnmi ní. Kò pẹ́, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ti ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn. Nínú ìwé náà, ó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta pé ariwo wa ń dí òun lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi o, òun ni a dí lọ́wọ́, òun ló tún ń tọrọ àforíjì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jà.

Òórùn ilé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Fúnmi bí ọmọkùnrin, nínú ọsibítù tó jẹ́ ti yunifásítì ìlú náà. Mo jó, mo sunkún, mo tún jó. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ máa lọ sílé. Mo ní ṣé wọ́n ń lé wọn ni? Wọ́n ní rárá, ara wọn le, agbẹ̀bí yóò máa wá wò wọ́n nílé. Mo bínú wálé, ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn, nítorí ó ti kan èmi.

Mo ṣí àpótí. Òórùn káńfọ̀ kún gbogbo yàrá tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀ nítorí òtútù. Fúnmi fọwọ́ dímú.

"Màmá, aṣọ yìí ń rùn o. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ ná."

"Fọ kí ni? Aṣọ tó mọ́ tónítóní! Òórùn ilé yín nìyẹn."

"Màmá, wọ́n fún wa níwèé ní ọsibítù, wọ́n ní..."

"Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ fún ọ nìyẹn, Fúnmiláyọ̀. Ṣé o kú ni?"

Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ ni mí, mo sì ní ohùn tí mo fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́. Mo wọ fìlà fún ọmọ, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo fi òfì wé e, mo tún tẹ́ èyí tó kù sábẹ́ rẹ̀. Inú aṣọ náà ló sùn fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, agbẹ̀bí dé. Mágì lorúkọ rẹ̀, obìnrin sísanra kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Kó tó gbé ọmọ, ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ ọjọ́ mẹ́ta! Ó ní kó jọ̀ọ́, kó máà bínú, ọwọ́ òun tutù díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó wá fọwọ́ tẹ iwájú orí ọmọ náà, tó sì wo ẹyinjú rẹ̀, ni èmi náà rí i pé ó pọ́n rúsúrúsú.

Mo ní, "Àwọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń gbà. Gbóyèga pupa."

Mágì mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, tó dà bíi tọ́ọ̀ṣì, ó fi kan àyà ọmọ. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan, nọ́mbà sì yọ lára rẹ̀. Ó tún un ṣe. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo òfì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé òórùn kí nìyẹn. Mo ní òórùn aṣọ mímọ́ ni. Fóònù ló gbé lẹ́yìn ìyẹn, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tán tí mo fi mọ̀ pé a ń padà lọ sí ọsibítù.

Iná búlúù

Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Íńdíà. Mo ń fi "ẹ" kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ìwà rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń lo "ẹ".

"Màmá, orílẹ̀-èdè wo lẹ ti wá?"

"Nàìjíríà."

"Apá ibo ní Nàìjíríà?"

Inú bí mi. Ọmọ wà nílẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń pọ́n lọ, ó ń bi mí ní jọ́gíráfì. Mo ní, "Bí mo bá sọ Ìlá-Ọ̀ràngún fún ọ, ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé Yorùbá ni yín?"

"Yorùbá ni mí. Ìgbómìnà."

"Ẹ dákun, ṣé káńfọ̀ wà nínú aṣọ tí ọmọ wọ̀?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo wo Fúnmi, Fúnmi wo ilẹ̀. Ta ló sọ fún ọmọ Íńdíà yìí, ní ìlú òtútù yìí, ohun tó wà nínú àpótí ìyá ọkọ mi?

Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní àléébù kan tí ojú kò lè rí. Wọ́n pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwọn ọkùnrin. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀; obìnrin lè gbé e kiri títí tí yóò fi darúgbó, kí ohunkóhun máà ṣe é. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tí aṣọ tó ti gba káńfọ̀ sára sì ń kàn án lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nínú ara. Ohun tó ń jáde látinú ẹ̀jẹ̀ fífọ́ náà ló ń yọ lójú ọmọ, òun náà sì ni nọ́mbà ẹ̀rọ agbẹ̀bí ń kà. Bó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Bó bá wọ ọpọlọ, ọmọ lè kú. Bí kò bá kú, ó lè má gbọ́ràn, ó lè má lè gbé ọrùn dúró láéláé.

Mo rántí àwọn ọmọ kan tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi láyé ọjọ́un, tí mo ń pè tí wọn kì í dáhùn. Mo nà wọ́n. Mo ní olóríkunkun ni wọ́n.

Wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ ara ọmọ náà. Wọ́n kó òfì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n dì í pinpin, wọ́n gbé e jáde bí ẹni gbé ejò. Wọ́n fi nǹkan bo ọmọ náà lójú, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù, ìhòòhò ọmọlúàbí. Dókítà ní bí nọ́mbà náà kò bá wálẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, àfi kí àwọn fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, kí àwọn sì fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ. Fúnmi kò bú mi, kò wò mí. Ì bá sàn kó bú mi.

Ẹ mọ̀ mí, tí ọkàn mi bá dàrú, ìjà ni mo ń wá. Mo tẹ̀lé dókítà dé ìdí tábìlì rẹ̀, mo ní kó sọ fún mi ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ káńfọ̀ wa. Mo ní àbí ẹ̀yin òyìnbó ń ṣọ́ wa nílé ni? Kò bínú. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ìwé kan ló wà lójú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wuuruwu, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó kọ ọ́ wà lókè, orúkọ Yorùbá ni gbogbo wọn, kò tiẹ̀ sí àmì ohùn kan lórí wọn. Mo wo orúkọ yunifásítì náà. Yunifásítì ìjọba ni, nílé wa níbí. Tí mo bá jẹun àárọ̀ tán ní Ìlá kí n tó gbéra, màá débẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Dókítà ní, "Màmá, iṣẹ́ àwọn ará ilé yín ni wọ́n fi kọ́ wa. Àwọn ló sọ ọ́ di mímọ̀ fún gbogbo ayé pé káńfọ̀ ń ṣe èyí fún ọmọ tuntun. Owó ìjọba yín ni wọ́n fi ṣe é. Iná tó wà lórí ọmọ yìí náà, owó ará ìlú ni wọ́n fi wádìí rẹ̀ ní yunifásítì, àti ẹ̀rọ tí agbẹ̀bí fi wò ó."

Owó ìjọba wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ń gé owó orí nínú owó oṣù mi, tí mo sì ń ṣépè? Mo ti rò pé ikùn àwọn kan ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Lára rẹ̀ lọ síbi gidi, iṣẹ́ náà sì dára débi tí wọ́n ń kà á ní Sìkọ́tíláńdì. Àfi èmi tí mo sanwó rẹ̀ ni mi ò gbọ́.

Inú ń bí mi lọ báyìí, mo ń ka ìwé náà lọ, mo ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi. Mo dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó gbà kí wọ́n gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ wọn. Wọ́n dárúkọ àwọn ìlú. Mo rí Ọ̀rà. Mo wá Ìlá lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mi ò rí i. Ìgbà yẹn ni mo rántí.

Àwọn tí mo lé

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀yin àgbà inú yín, ẹ máa rántí ọjọ́ náà tí mo bá sọ ọ́. Èmi ni mo jẹ́ alága nígbà náà. Obìnrin méjì àti ọkùnrin kan wá bá wa nípàdé lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní àwọn wá láti yunifásítì. Wọ́n wọ aṣọ dáadáa, wọ́n kúnlẹ̀ kí wa. Èyí tó dàgbà nínú àwọn obìnrin náà ní àwọn ń wádìí ohun tó ń mú ojú ọmọ tuntun pọ́n tó sì ń pa wọ́n. Ó ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré làwọn ń fẹ́, láti gìgísẹ̀ ọmọ. Ó ní àwọn tún fẹ́ wo aṣọ tí ẹ tọ́jú sílẹ̀ fún ọmọ, kí àwọn mọ ohun tí ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀.

Mo dìde. Ẹ mọ bí mo ṣe ń dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n tún fẹ́ aṣọ ọmọ. Ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó tún ń wá aṣọ rẹ̀, ṣé ẹ kò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe ni?"

Kí ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí? Ariwo sọ. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ lé wọn lórí, àwọn kan ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Obìnrin náà fẹ́ ṣàlàyé, mi ò jẹ́. Mo ní tí ó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, kó lọ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tirẹ̀. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n tún kí wa pé ó dàbọ̀, wọ́n lọ. Gbogbo yín ló yìn mí lọ́jọ́ náà. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n kọjá sí Ọ̀rà, pé àwọn ará Ọ̀rà gbà fún wọn. Mo rẹ́rìn-ín àwọn ará Ọ̀rà.

Mo kúrò nídìí kọ̀ǹpútà dókítà náà. Mo padà lọ jókòó ti Fúnmi. Nọ́mbà ọmọ gòkè sí i lọ́sàn-án, wọ́n sì gbé àpò ẹ̀jẹ̀ wá sílẹ̀. Mi ò lè gbàdúrà. Kí ni ǹ bá sọ fún Ọlọ́run? Mágì dé, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán fún ọjọ́ náà, ó wà nínú aṣọ ilé. Ó fún mi ní tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Fitóríà." Ó tó bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jà nítorí orúkọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún wò ó, nọ́mbà náà dúró. Wọ́n wò ó lẹ́yìn ìyẹn, ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà gbé àpò ẹ̀jẹ̀ padà síbi tó ti mú un wá. Mo ké débi tí àwọn nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé.

A sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ: Olúwadámilóhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n dán etí rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ kan. Ó gbọ́ràn dáadáa. Ọjọ́ náà ni Fúnmi dì mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ ò kúkú mọ̀." Mi ò lè sọ fún un pé wọ́n wá bá mi nípàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ìwé yìí ni yóò ti kà á.

Ìlá

Mo wá padà wálé. Bàtà àti ṣokoléètì lẹ ń wò lọ́wọ́ mi, mo sì kó wọn wá. Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ lẹ ò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyá Fúnmi, o lọ sí ìlú òyìnbó, káńfọ̀ lo rí sọ?" Ẹlòmíràn ní òun fi káńfọ̀ tọ́jú aṣọ ọmọ méje, kò sí èyí tó kú nínú wọn. Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń bínú? Èmi náà ń bi ara mi pé kí ló dé tí ẹ̀yin kò bínú.

Mo tún ń bínú sí àwọn ará yunifásítì náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí Ìlá ká lójoojúmọ́, kò sí ọmọdé tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń pa ọmọ tuntun, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, inú ìwé tí ẹni tó bímọ kò lè rí ló tọ́jú rẹ̀ sí. Ṣé kò sí rédíò Yorùbá ni? Ṣé kò sí ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún ní ilé ìtọ́jú ìlera? A lé wọn, òótọ́ ni, èmi ni mo lé wọn, ṣùgbọ́n ṣé tí a bá lé èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kì í padà wá mọ́ ni? Mo sọ èyí níwájú ilé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tó yá, ó yé èmi fúnra mi pé ọkàn ara mi tó ń dá mi lẹ́bi ni mò ń sá fún. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀rà.

Ọ̀rà

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú ìlera níbẹ̀ rántí àwọn ará yunifásítì náà dáadáa. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan, Ìyá Bùsọ́lá, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà fún wọn. A bá a lẹ́yìn ilé, ó ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta. Mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ mí.

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ọmọ yín ni mí."

Mi ò gbà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n pè yín bẹ́ẹ̀." Mo sọ ohun tó gbé mi wá, pé mo wá dúpẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára ọmọ rẹ̀, pé ó ti gba ọmọ-ọmọ mi là. Mo fi àwòrán Dámilóhùn hàn án nínú fóònù mi. Mo béèrè ọmọ rẹ̀ náà, mo ní ó ti máa dàgbà dáadáa báyìí.

Ó gba fóònù, ó ń wò ó. Ó ní, "Kò dàgbà o, Màmá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn ará yunifásítì yẹn ló fi ọkọ̀ tiwọn gbé wa lọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù ká tó débẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ló lọ."

Mo ní kí Ọlọ́run tù ú nínú.

"Ó ti tù mí nínú. Obìnrin yẹn, dókítà wọn, ó padà wá síbí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí yìí, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ káńfọ̀ fún mi bí ó ṣe jẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí àwọn gbà lára ọmọ mi ló fi yé àwọn. Mo da gbogbo káńfọ̀ ilé mi sínú ṣáláńgá. Mo bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin ni méjì nínú wọn, gbogbo wọn ló wà láàyè. Àwa obìnrin àdúgbò yìí, a ti ń sọ ọ́ fún ara wa láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́ níbí."

Ó tún wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà lẹ́wà, pé imú rẹ̀ jọ tèmi. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ṣùgbọ́n Ìlá lẹ ní ẹ ti wá, Màmá. Ìlú ńlá ni. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo lè parọ́; kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n dé. Èmi ni mo lé wọn."

Ìyá Bùsọ́lá gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Àwọn ọmọ Ìlá tí wọ́n wá bí lẹ́yìn ìgbà náà ńkọ́, Màmá?"

Fóònù mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlá ni mo gbé ìbéèrè rẹ̀ wá bá.